Níbo ni àwọn Júù ti ń rí i pé ayé àwọn níye lórí?

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù kọ:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó kàwé wà láàárín wa.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, Júù sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń tọ́jú. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìgbàgbé ti mú un débi pé kò dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́. Ó lè bi mí láàárọ̀ pé ta ni mí, kí n dá a lóhùn, kó tún bi mí kí n tó ká aṣọ ibùsùn rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, tí a gbé àbẹ́là méjì síwájú rẹ̀ (oníbátìrì ni, nítorí òfin iná ilé náà), ojú rẹ̀ á yí padà. Á na ọwọ́ méjèèjì, á fi wọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, á wá gba àdúrà rẹ̀ lédè Hébérù láìfo ọ̀rọ̀ kan. Tó bá ṣí ojú, á wò wá yíká, á ní, "Shabbat shalom," bí wọ́n ṣe ń kíni ní Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn. Ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe láyé ni mo máa ń rí lásìkò yẹn.

Èmi tí orí mi pé wá ńkọ́? Iṣẹ́, ilé, iṣẹ́. Àwọn ọmọ ti dàgbà, kálukú ti bá tirẹ̀ lọ. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, mo máa ń bi ara mi pé bí mi ò bá jí lọ́la, kí ló dín kù láyé ju pé wọ́n á wá ẹlòmíì síṣẹ́. Ọmọ ìjọ ni mí, mi ò fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀sìn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni kí ni ẹ̀sìn yìí fi ń gbin irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ sínú ènìyàn. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ogun kọ́ ni mo gbé wá o.

Tíṣà_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó, mà. Ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ ìyá yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ gan-an. Nínú ẹ̀sìn Júù, ènìyàn kì í jókòó wá ìtumọ̀ ayé títí tó fi máa rí i kó tó máa gbé ayé. Ó ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ìtumọ̀ á wá bá a lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo Ẹ́kísódù 24:7. Nígbà tí Mósè ka ìwé májẹ̀mú sí etí wọn lẹ́sẹ̀ òkè Sínáì, wọ́n dáhùn pé gbogbo ohun tí Olúwa wí làwọn ó ṣe, àwọn ó sì gbọ́. Àwọn rábì inú Tálmúdì, àkójọ ńlá ẹ̀kọ́ àwọn rábì, kò jẹ́ kí ètò yẹn bọ́ lọ lásán: wọ́n yìn wọ́n pé ṣíṣe ni wọ́n fi ṣáájú gbígbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ìyá yẹn ní iná títàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé.

Ní ti bóyá ẹnì kan ṣoṣo já mọ́ nǹkan, ìwé Mishnah, àkójọ òfin àwọn rábì tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ti fèsì sí i. Orí kẹrin ìwé Sanhedrin ló wà. Ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀: àwọn adájọ́ ń kìlọ̀ fún ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ tó lè la ikú lọ. Wọ́n ní, ṣé ẹ rí i, ènìyàn kan péré ni Ọlọ́run fi bẹ̀rẹ̀ ayé, kí a lè mọ̀ pé ẹni tó pa ẹ̀mí kan run, bí ẹni pa odindi ayé run ni, ẹni tó sì gba ẹ̀mí kan là, odindi ayé ló gbà là. Wọ́n tún ní ọba a máa fi èdìdì kan tẹ owó ẹyọ púpọ̀, gbogbo wọn á jọra. Ọba àwọn ọba fi èdìdì Ádámù tẹ gbogbo ọmọ ènìyàn, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan tó jọ ẹnì kejì rẹ̀. Nítorí náà ó di dandan kí olúkúlùkù máa wí pé, "Nítorí tèmi ni a ṣe dá ayé."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kò sí níbẹ̀ pé ẹni ńlá nìkan ló gbọ́dọ̀ wí bẹ́ẹ̀. Dandan ni fún ẹni tó ń ká aṣọ ibùsùn náà.

Rábì Simcha Bunim ti ìlú Peshischa ní Poland, tó kú ní 1827, wá fi tirẹ̀ lé e. Ó ní kí kálukú ní àpò méjì, kó sì fi ìwé kékeré kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀kan: "Nítorí tèmi ni a ṣe dá ayé." Lára èkejì, ọ̀rọ̀ Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì 18: "Erùpẹ̀ àti eérú ni mí." Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí ènìyàn mọ àpò tó yẹ kó kì ọwọ́ bọ̀. Lójú tèmi, mà, àpò kejì ni ẹ ń kì ọwọ́ bọ̀ lóròòru.

Alhaji_Ìwó kọ:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Tíṣà, ẹ ṣé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni. Nínú Al-Kùránì, Súrátù Al-Máídà, ẹsẹ 32, Ọlọ́hun sọ pé Òun ti pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tó pa ẹ̀mí kan láìjẹ́ pé ó pààyàn tàbí ó ba ilẹ̀ jẹ́, bí ẹni pa gbogbo ènìyàn ni. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gan-an ni ẹsẹ náà dárúkọ. Ibi kan náà ni omi ti ṣàn wá.

Ìbéèrè tèmi le díẹ̀. Láyé Hitler, mílíọ̀nù 6 Júù ni wọ́n pa, tọmọdé tàgbà. Bí ẹ̀mí kan bá jẹ́ odindi ayé, kí ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lẹ́yìn ìgbà náà? Ẹni tó là á já, níbo ló ti rí ìtumọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Alhaji. Ọ̀dọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tí wọ́n fi ń kọ́ wa: Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Vienna ní 1905.

Nígbà tí àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler, ti gba Austria, ó rí físà Amẹ́ríkà. Àwọn òbí rẹ̀ kò rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, wọ́n á kó wọn. Níbi tó ti ń rò ó, ó délé lọ́jọ́ kan, ó bá òkúta mábù kékeré kan lórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ ló ṣà á níbi tí wọ́n ti run sínágọ́gù ìlú. Wàláà Òfin Mẹ́wàá ló fọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù lára èyí tó ṣà, inú òfin tó ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá ẹni ni lẹ́tà náà sì ti wá. Frankl dúró, ó jẹ́ kí físà rẹ̀ kọjá.

Ní September 1942 wọ́n kó wọn lọ sí Theresienstadt, ọ̀kan lára àwọn àgọ́ tí àwọn Násì ń kó Júù sí. Bàbá rẹ̀ kú síbẹ̀. Wọ́n pa ìyá rẹ̀ ní Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn wọn. Ìyàwó rẹ̀ kú ní àgọ́ Bergen-Belsen. Òun náà dé Auschwitz, wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ìwé tó ti ń kọ bá ẹ̀wù náà lọ. Wọ́n wá fún un ní àkísà ẹni tí wọ́n ti pa. Nígbà tó kì ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó kan ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé àdúrà: "Gbọ́, Ísírẹ́lì, Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni." Àdúrà tí Júù ń gbà láàárọ̀ àti lálẹ́ nìyẹn. Ó ní òun gbà á bí àṣẹ, pé kí òun máa gbé ohun tí òun ti ń kọ ní ìgbé ayé.

Ní April 1945 ni àwọn sójà Amẹ́ríkà tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó fi ìyókù ayé rẹ̀ kọ́ni, títí tó fi kú ní 1997, ni pé kì í ṣe àwa la ó máa bi ayé pé kí ló ní fún wa. Ayé ló ń bi wá, lójoojúmọ́, ìdáhùn wa kò sì ju ohun tí a bá ṣe lọ: iṣẹ́ tí a ṣe, ẹni tí a fẹ́ràn, àti bí a ṣe gbé ara wa nínú ìyà tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, kò fi ẹ̀sìn ká a mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ohun tí Tíṣà kọ lókè á gbọ́ ohùn Sínáì nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ìtumọ̀ nínú ìyà yẹn, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan mú wọn. Elie Wiesel, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1986, sọ pé ní Auschwitz òun wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta nínú Tóráà, ìwé Òfin Mósè, pe Ọlọ́run lẹ́jọ́. Wọ́n ro ẹjọ́ náà, wọ́n sì dá a pé ó jẹ àwọn ní gbèsè. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n gba àdúrà alẹ́. Ẹ̀sìn tó gba ènìyàn láyè láti bá Ọlọ́run jà báyìí, bí Ábúráhámù ṣe bá a jiyàn lórí Sódómù, bí Jóòbù ṣe pè é lẹ́jọ́, ó ka ènìyàn sí. Wọn kì í bá ẹni tí kò já mọ́ nǹkan jiyàn.

Dàfídì_Òṣogbo kọ:

Ọ̀rọ̀ yín dùn, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n òfin 613 tí wọ́n ní ó wà nínú Tóráà ńkọ́? Má jẹ èyí, má fọwọ́ kan ìyẹn. Ṣé ẹrù yẹn kọ́ ni Pọ́ọ̀lù ní a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Báwo ni ẹrù ṣe ń fún ènìyàn ní ìtumọ̀?

Tíṣà_Ìbàdàn kọ:

Dàfídì, ohun tí àwa Kristẹni gbà nípa òfin, mi ò ní jà ọ́ níyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ bi ẹni tó ń rù ú bóyá ó wúwo. Mú méjì péré nínú wọn.

Àkọ́kọ́, Sábáàtì. Láti kí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ tó wọ̀ títí ìràwọ̀ fi yọ lálẹ́ Sátidé, wọn kì í dáná, wọn kì í kọ̀wé, wọn kì í ná owó, ẹni tó bá ń pa á mọ́ dáadáa kì í fọwọ́ kan fóònù. Oríṣi iṣẹ́ 39 ni àwọn rábì kà, wọ́n sì mú un láti inú iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ àgọ́ àjọ ní aginjù. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, gbogbo rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró ná, wọ́n á gba ẹ̀mí là. Wo ìdí tí Diutarónómì 5 fi lélẹ̀: rántí pé ẹrú ni ọ́ ní Íjíbítì. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹrú ni wọ́n fi ń díye lé e. Ní ọjọ́ kan nínú méje, kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi iṣẹ́ díye lé ọ, ìwọ gan-an kò láṣẹ láti fi díye lé ara rẹ, ìránṣẹ́ àti àlejò inú ilé rẹ náà sì wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, nígbà tí ẹ kọ "iṣẹ́, ilé, iṣẹ́," òfin yìí ló wá sí mi lọ́kàn.

Abraham Joshua Heschel, tí wọ́n bí ní Warsaw ní 1907, tó sì dé Amẹ́ríkà ní 1940 nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, kọ ọ́ pé ààfin ni Sábáàtì, inú àkókò ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn Násì pa ìyá rẹ̀ àtàwọn kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin yìí kan náà ló bá Martin Luther King rìn nínú ìwọ́de fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Selma, Amẹ́ríkà, ní 1965, tó sì ní ńṣe ló dà bíi pé ẹsẹ̀ òun ń gbàdúrà. Ẹni tó ń sinmi dáadáa ló rí agbára jáde sí òpópónà.

Èkejì, tzedakah, owó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìní. Maimonides, ọ̀mọ̀wé àti oníṣègùn tó kú ní Íjíbítì ní 1204, to ìpele mẹ́jọ sílẹ̀. Èyí tó ga jù ni kí o fún ènìyàn níṣẹ́, tàbí kí o yá a lówó, tàbí kí o bá a da òwò pọ̀, kó má baà tọrọ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó wọ̀ mí lára jù ni èyí: àní tálákà tó ń jẹ nínú tzedakah gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹlòmíì. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ́ agbawọ́ lásán. Sọ fún mi bóyá ẹrù nìyẹn tàbí iyì.

Dàfídì_Òṣogbo kọ:

Mo gbọ́, sà. Ti tálákà yẹn, n kò gbọ́ ọ rí.

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sì fi ohun kan tó ṣojú mi sí i.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa, orí kẹ̀kẹ́ ló wà, kì í fẹ́ jáde nínú yàrá. Bí a bá ní kó wá jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, kí ni mo wúlò fún?" Arábìnrin kan wá pàdánù bàbá rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹbí fẹ́ gba àdúrà ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, kí ọmọkùnrin olóògbé lè ka kaddish, àdúrà tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń kà. Àdúrà yẹn kò ṣeé kà láìpé mẹ́wàá. Ní sínágọ́gù tiwọn, ọkùnrin tó ti pé ọdún 13 ni wọ́n ń kà. Mo gbọ́ pé àwọn míì ń ka obìnrin náà. Wọ́n kà títí, mẹ́sàn-án ni. Ẹnì kan lára ẹbí bá kan ilẹ̀kùn bàbá yẹn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin la kù." Èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju "Àmín" lọ. Àmọ́ láìsí i, ọmọ yẹn kò ní lè la ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà pè mí, ó ní kí n bá òun béèrè aago tí wọ́n máa tún ṣe é, ó sì ní kí n bá òun wá tai òun.

Obìnrin tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní ilé wa sọ fún mi pé àwọn àgbà wọn máa ń wí pé rábì mẹ́sàn-án kò tó, aránbàtà mẹ́wàá ti tó. Ó tún ní kaddish kò dárúkọ ikú níbì kankan, ìyìn Ọlọ́run ni látòkè délẹ̀, oṣù mọ́kànlá sì ni ọmọ fi ń kà á fún òbí. Ẹ rò ó wò, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tó yẹ kó máa bínú sí Ọlọ́run, òun ni wọ́n ní kó dìde dúró láàárín àwọn ènìyàn kó máa yìn ín, mẹ́sàn-án yòókù á sì máa gbè é.

ỌmọAwo_Ọ̀yọ́ kọ:

Àbọrú àbọyè o. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gbà mí lọ́kàn. Àwa oníṣẹ̀ṣe ní orí ni kálukú yàn kó tó wáyé, kò sí orí méjì tó dọ́gba. Ṣé àwọn Júù ní irú rẹ̀?

Tíṣà_Ìbàdàn kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ó sún mọ́ra, ó sì yàtọ̀. Rábì Zusya ti Hanipol, ọ̀kan lára àwọn àgbà Hásídì, ẹgbẹ́ olùfọkànsìn láàárín àwọn Júù, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni wọ́n sọ pé ó wí nígbà tó fẹ́ kú pé, ní ọ̀run wọn kò ní bi òun pé kí ló dé tí o kò jẹ́ Mósè. Wọ́n á bi òun pé kí ló dé tí o kò jẹ́ Zusya. Ibẹ̀ ló ti pàdé tiyín. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé a ti yàn án tán. Tálmúdì ní ọwọ́ Ọ̀run ni ohun gbogbo wà, àfi ìbẹ̀rù Ọ̀run. Maimonides náà tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ẹni tí a kádàrá rere tàbí búburú fún, pé olúkúlùkù lè di olódodo bíi Mósè. Bí Zusya bá kùnà láti jẹ́ Zusya, kò rí ẹni tó lè dì í rù.

Táyé_Houston kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé ọmọ Yorùbá lè di Júù tó bá wù ú? Tí kò bá lè dì í, kí ni gbogbo èyí kàn wá?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbá kọ:

Táyé ọmọ mi, ó lè dì í, àmọ́ wọn kì í wá ọmọ ìjọ kiri. Rábì á kọ́kọ́ gbìyànjú láti dá ọ dúró. Bí o bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn, o ó kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà pípẹ́, o ó fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, o ó sì ri ara rẹ bọ omi. Ìkọlà wà fún ọkùnrin. Rúùtù ará Móábù gba ọ̀nà yẹn, ìran rẹ̀ sì ni Dáfídì ọba. Àwọ̀ dúdú kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ní May 1991, àwọn Júù Etiópíà tó lé ní 14,000 ni wọ́n fi bàálù kó lọ sí Ísírẹ́lì láàárín nǹkan bíi wákàtí 36. Ní Uganda, Semei Kakungulu àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba ẹ̀sìn náà láti 1919. Nílé wa níbí, àwọn ará Íbò kan ń pa Sábáàtì mọ́, wọ́n sì ní sínágọ́gù ní Àbújá.

Àmọ́ o kò nílò rẹ̀ kí ayé rẹ tó ní ìtumọ̀ lójú wọn. Wọ́n gbà pé olódodo gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìpín nínú ayé tó ń bọ̀, òfin méje ti Nóà ló sì wà fún ìyókù wa: má pànìyàn, má jalè, gbé ilé ẹjọ́ òdodo kalẹ̀, àti irú bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù kọ:

Ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Mo ti ní kí wọ́n má fún mi níṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday mọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó. Àwọn ọmọ máa wá jẹun nílé lọ́sàn-án, kò sí fóònù lórí tábìlì, mo ti sọ fún wọn. Tíṣà, kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kà?

Tíṣà_Ìbàdàn kọ:

Pirkei Avot, mà, Ọ̀rọ̀ Àwọn Baba. Inú Mishnah ló wà, orí mẹ́fà péré ni wọ́n ń kà, kò nira. Lọ́sàn-án Sábáàtì ni wọ́n máa ń kà á, láti ẹ̀yìn Àjọ Ìrékọjá lọ. Ibẹ̀ ni Hillel ti béèrè pé bí èmi kò bá ṣe tèmi, ta ni yóò bá mi ṣe é. Bó bá sì jẹ́ tèmi nìkan ni mò ń ṣe, kí ni mo jámọ́. Bí kò bá sì jẹ́ nísinsìnyí, ìgbà wo? Ibẹ̀ náà ni Rábì Tarfon ti ní kì í ṣe ìwọ ló máa parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n o kò sì lómìnira láti fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́, a lè jọ kà á lórí fóònù lálẹ́ Sátidé, orí kan lọ́sẹ̀ kan, agogo mẹ́jọ ti Nàìjíríà.

Alhaji_Ìwó kọ:

Ẹ kà mí mọ́ ọn.

Dàfídì_Òṣogbo kọ:

Èmi náà, sà. Ṣé kí n wá pẹ̀lú Bíbélì?

Tíṣà_Ìbàdàn kọ:

Mú un wá. Ẹ ó rí i pé ẹsẹ Bíbélì pọ̀ nínú ìwé náà. Orí kìn-ín-ní ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.